Èbúté-Mẹ́ta ni igbó ọba ti gbéra

Kí òyìnbó tó dé ni àwọn baba wa ti ń dáàbò bo igbó. Igbó Orò, igbó Ifá, ta ló jẹ́ gbé àáké wọ̀ ọ́? Ẹni tó bá fẹ́ gé ìrókò á kọ́kọ́ ṣètùtù. Ẹ má ṣe fojú kékeré wo òfin yẹn. Àmọ́ igbó ọba, èyí tí ìjọba pa ààlà sí, tó ní aṣọ́gbó àti ìwé àṣẹ, Èbúté-Mẹ́ta la ti lè tọ ipasẹ̀ tirẹ̀.

Ní 1867 ni àwọn Kìrìsìtẹ́nì Ẹ̀gbá tí Ìfọ́lé, ìyẹn rògbòdìyàn tó dojú kọ ẹ̀sìn wọn, lé kúrò l'Ábẹ́òkúta wá tẹ̀dó síbẹ̀. Ní 1887, Alfred Moloney, Gómìnà Èkó, dá ọgbà ọ̀gbìn ìjọba sílẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ igi jẹ ọkùnrin náà lógún. Lọ́dún yẹn gan-an ló tẹ ìwé jáde nípa igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. James McNair, ọmọ Jàmáíkà, ló fi ṣe alábòójútó ọgbà. Kòkó àti kọfí ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀, tí wọ́n ń pín fún àgbẹ̀, torí owó epo pupa ti já wálẹ̀, wọ́n sì ń wá nǹkan mìíràn tà. Ọ̀rọ̀ ìdáàbòbo igbó kò tíì délẹ̀ dáadáa.

Rọ́bà ló la ojú ìjọba. Ní 1894, Gómìnà Gilbert Carter mú kí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà wá láti Gold Coast, tí í ṣe Gánà lónìí, wọ́n sì kọ́ àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe ń gba oje lára igi irẹ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìwọ̀n rọ́bà tó gba Èkó jáde lé ní mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn (ti ìwọ̀n, kì í ṣe ti owó). Ojúkòkòrò wọ̀ ọ́! Wọ́n ń ha èèpo igi láti ìdí dé òkè, ọgbẹ́ àná kò tíì jinná tí wọ́n á tún fi ọ̀bẹ kàn án. Kí ọdún bíi mélòó kan tó kọjá, irẹ́ ti kú lọ rẹpẹtẹ nínú igbó, òwò náà sì wó. Ó ń dùn mí títí dòní, nítorí ìsinmi díẹ̀ péré ni igi yẹn nílò.

Ní 1899 ni wọ́n ya igbó Olókemejì sọ́tọ̀, létí odò Ògùn, lójú ọ̀nà rélùwéè tó ń ti Èkó lọ sí Ìbàdàn. Nígbà tí ìjọba Gómìnà MacGregor wá gbé òfin igbó jáde ní 1901, àwọn ará Èkó ta kò ó: ilẹ̀ ta ni ẹ fẹ́ pa ààlà sí? Mo gbà pé wọ́n jàre. Ilẹ̀ ẹbí ni, ẹni tí a kò bá sì fi ṣe onílé nínú igbó baba rẹ̀ kò ní bá wa ṣọ́ ọ.

H. N. Thompson, tó ti ṣiṣẹ́ igbó ní Bọ́mà, tí í ṣe Myanmar lónìí, ló wá di olórí iṣẹ́ igbó ní Gúúsù Nàìjíríà ní 1903. Láti ìgbà náà ni gbígba ìwé àṣẹ ti fìdí múlẹ̀, tí a kì í gé igi tí kò tíì tóbi tó. Àwọn gẹdú tí wọ́n so pọ̀ gba orí ọ̀sà wá sí ibùdó ìlagi Oko Bàbá l'Ébùúté-Mẹ́ta, òòlù àmì ìjọba ló yẹ kó ti bà wọ́n lára kí wọ́n tó kúrò nínú igbó.