Bí A Ṣe Ń Mọ Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ ní Kétu Láyé Àtijọ́

Tí ọba tuntun bá fẹ́ gorí ìtẹ́ ní Kétu, ìlú Yorùbá tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin lónìí, Bàbá Ẹlẹ́gùn ló máa ń ka ìtàn ìlú àti orúkọ àwọn Alákétu tó ti jẹ rí, láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò ní Ifẹ̀. Iṣẹ́ ìdílé ni, orí ni wọ́n sì ń kó o sí. Òpìtàn tó bá fẹ́ mọ ìtàn Kétu, ọ̀dọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀.

Ọdún ni wàhálà. Orúkọ ọba kì í sọ ọdún tó jẹ. Àwọn kan rò pé kí a ṣáà ka iye ọba, kí a fi ọdún 25 tàbí 30 sọ ọ́ di púpọ̀. Kò lè tọ̀nà ní Kétu, torí ìdílé márùn-ún ló ń jọba, tí oyè ń yí láti ilé kan dé òmíràn. Ẹni tó jẹ lẹ́yìn ọba lè jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, ó tilẹ̀ lè dàgbà jù ú lọ. Ọba mẹ́ta lè jẹ láàárín ìran kan. Nítorí náà, òpìtàn a máa wá ibi tí ìtàn ẹnu ti pàdé ìwé àwọn àlejò. Samuel Ajayi Crowther dé Kétu lọ́dún 1853, ó sì kọ ìròyìn ìrìn àjò rẹ̀ sílẹ̀. Ọba tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá lórí ìtẹ́ ti ní ọdún nìyẹn, a ó wá máa to àwọn yòókù síwájú àti sẹ́yìn rẹ̀.

Àmọ́ ìwé àwọn àlejò náà ní àléébù tirẹ̀. Ẹ wo ogun ọdún 1789. Archibald Dalzel, tó ti ṣe olórí odi àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ìlú Ouidah létíkun rí, kọ ọ́ sínú ìwé tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1793 pé Dahomey, ìjọba tó wà nítòsí Kétu, ṣẹ́gun Kétu, wọ́n sì kó ènìyàn púpọ̀ lẹ́rú. Ní Kétu, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ìlú Ìwóyè ni ogun náà dé, àti pé Dahomey ló fìdí rẹmi. Ta ni ká gbà gbọ́? Òpìtàn kì í yára dáhùn. Dalzel ń ṣòwò ẹrú, ó sì ń kọ̀wé láti gbèjà òwò náà. Kétu náà kò ní fẹ́ kí wọ́n máa ka ìtìjú ìlú níwájú ọba tuntun.

Ẹlẹ́rìí kẹta wà lókè òkun. Ní Salvador, ní Bahia, ilẹ̀ Brazil, ilé òrìṣà kan wà tí wọ́n ń pè ní Alaketu. Ìtàn ilé náà ni pé ọmọbìnrin ìdílé Àrò tí Dahomey kó lẹ́rú ló dá a sílẹ̀. Àrò sì wà nínú ìdílé ọba márùn-ún Kétu! Iṣẹ́ onímọ̀ àṣà ẹ̀dá nìyí: yóò bá wọn gbé, yóò gbọ́ orin àti oríkì wọn, yóò to ìran ìyá dé ìran ọmọ, yóò sì ṣọ́ra gidigidi. Pierre Verger, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ń ṣèwádìí àṣà, àti àwọn mìíràn ti lọ bọ̀ láàárín Bahia àti ilẹ̀ Yorùbá, ìtàn sì lè bá àlejò wọlé. Ohun tí wọ́n ń sọ kí irú àlejò bẹ́ẹ̀ tó dé ló wúwo jù. Ẹ̀rí Bahia kò sọ ẹni tó ṣẹ́gun, ṣùgbọ́n ó mú un ṣòro láti sọ pé ogun Dahomey kò kó ẹnikẹ́ni ní Kétu.

Ó wá ku ilẹ̀. Yàrà àtijọ́ ṣì wà lẹ́bàá ẹnubodè Àkàbà Ìdènà. Awalẹ̀pìtàn kì í gbẹ́ ilẹ̀ bí ẹni ń gbẹ́ kànga. Díẹ̀díẹ̀ ló ń ha á, ìpele dé ìpele, tó ń kọ ibi tí ó ti rí ohun kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Dahomey jó Kétu lọ́dún 1886. Níbi tí eérú iná yẹn bá ti hàn, ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ti pẹ́ ju ọdún náà lọ.

Tí ó bá rí àpáàdì, yóò gbé e súnmọ́ ojú. Àwọn amọ̀kòkò wa a máa yí ṣùkù àgbàdo lára ìkòkò tútù, kí ó lè ní ọnà. Ihò wẹ́wẹ́ tí ọmọ àgbàdo ti bọ́ yóò hàn lára amọ̀, ní ìlà-ìlà. Amẹ́ríkà sì ni àgbàdo ti wá. Kò sí i níbí kí Columbus tó débẹ̀ ní 1492. Ìkòkò tó ní ọnà yìí kò lè dàgbà ju ìgbà náà lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìkòkò tí wọ́n fi ń fa tábà, torí Amẹ́ríkà ni tábà náà ti wá.

Èédú wà pẹ̀lú. Kábọ̀n 14, irú kábọ̀n kan tó wà nínú ohun abẹ̀mí, ń dín kù nínú rẹ̀ láti ìgbà tí igi náà ti kú, tó fi jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ á ti lọ láàárín nǹkan bí ọdún 5,730. Ọ̀nà yìí dára fún ohun àtijọ́ gan-an, ṣùgbọ́n fún ohun tó ṣẹlẹ̀ láti bí ọdún 1650 síhìn-ín, ìdáhùn rẹ̀ máa ń fẹ̀ jù. Kò lè ya 1789 sọ́tọ̀ kúrò lára 1886. Àpáàdì àti eérú ló wúlò jù níbẹ̀, ìdí sì nìyẹn tó fi ń dun ni tí wọ́n bá gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní àdúgbò àtijọ́, tí wọ́n ru erùpẹ̀ rẹ̀ dànù kí awalẹ̀pìtàn tó dé: àpáàdì ṣì lè wà nínú òkìtì náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ mọ́ bóyá abẹ́ eérú ló wà tàbí òkè rẹ̀.