Bí Balùwẹ̀ Ṣe Kúrò Lẹ́yìnkùlé, àti Ibi Tí Ilẹ̀kùn Rẹ̀ Gbà Lọ

Ní agboolé tí wọ́n ti tọ́ mi ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní Bẹ̀nẹ̀, balùwẹ̀ wa kò ní òrùlé, kò sì ní ilẹ̀kùn. Ògiri amọ̀ mẹ́ta ni, tó ga dé èjìká àgbà, páànù àlòkù kan ló sì dí ẹ̀gbẹ́ kẹrin dé ìdajì. Wọ́n tẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀ kí ẹsẹ̀ má baà rì sínú ẹrẹ̀. Omi tó bá ṣàn jáde á wá ọ̀nà lọ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà kì í sì í gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí àwọn àgbà ń sọ nígbà tí wọ́n bá ń wúre pé gbogbo ìgbà ni ilẹ̀ balùwẹ̀ ń tutù.

Síbẹ̀, n kò rántí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni já lu ẹlòmíràn níhòòhò níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wẹ̀ á fi ìró rẹ̀ kọ́ orí ògiri. Ìró yẹn ni ilẹ̀kùn. Ẹni tó ń bọ̀ á húkọ́ láti ìdí kànga, ẹni tó wà nínú á húkọ́ padà, ó parí. Bí ọmọdé bá gbàgbé, ìyá tó bá wà nítòsí á ké sí i: "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ò rí aṣọ ni?" Mo sọ èyí nítorí àwọn tó ń sọ pé balùwẹ̀ gbayawu ayé òde òní, èyí tó wà nínú yàrá ibùsùn láìsí ògiri tàbí ilẹ̀kùn tó bò ó, kò yàtọ̀ sí ti àwọn baba wa. Ó yàtọ̀ púpọ̀.

Àwọn Àgùdà tó ti Bùràsíìlì padà wá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ṣì wuyì lójú títí dòní: fèrèsé onígi, ọ̀dà aláràbarà, òdòdó tí wọ́n fi ọwọ́ yà sára ògiri. Ṣùgbọ́n ẹ gba inú ilé náà kọjá, ẹ ó rí i pé lẹ́yìnkùlé ni ilé ìdáná àti ibi ìwẹ̀ wà. Owó kọ́ ló wọ́n wọn. Ibi tí omi wà ni a ti ń wẹ̀, omi sì wà nínú kànga. Ní ti ṣalángá, òórùn ló lé e jìnnà sí ibùsùn.

Òórùn yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣẹ́gun. Ní 1775, ọmọ Scotland kan tó ń ṣe aago ní Lọ́ńdọ̀nù, Alexander Cumming, gba ìwé ẹ̀tọ́ ìhùmọ̀ lórí àwo ìgbọ̀nsẹ̀ tí páìpù rẹ̀ tẹ̀ bí ọrùn pẹ́pẹ́yẹ. Omi díẹ̀ á máa dúró nínú ìtẹ̀ náà, omi yìí ni kì í jẹ́ kí òórùn gòkè padà. Ẹ wo ìsàlẹ̀ àwo ìfọwọ́ èyíkéyìí nílé yín, ẹ ó rí ìtẹ̀ kan náà. Lẹ́yìn náà, ní 1881, ará Faransé kan, Jean-Louis Mouras, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ihò ìdọ̀tí olómi, èyí tó di fosse septique tí à ń gbẹ́ sínú ọgbà wa. Ní ìlú bíi Àjàṣẹ́, níbi tí ilé kọ̀ọ̀kan ti ń gbẹ́ ihò tirẹ̀, nǹkan méjèèjì yìí, pẹ̀lú omi ẹ̀rọ, ló jẹ́ kí ìgbọ̀nsẹ̀ lè wọ inú ilé rárá.

Ẹni tó bá ti wá ilé yá rí ládùúgbò wa mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe ní owó lórí. Wọ́n á bi ọ́ pé: ṣé ordinaire lo fẹ́ ni, àbí sanitaire? Ordinaire ni kí ìwọ àti àwọn ayálégbé yòókù jọ máa lo balùwẹ̀ ìta. Sanitaire ni kí tìrẹ wà nínú, pẹ̀lú ilẹ̀kùn tìrẹ, kọ́kọ́rọ́ tìrẹ. Owó gọbọi ni ìdílé ń fi kún owó ilé nítorí ilẹ̀kùn yẹn. Ìdí nìyí tó fi ń dùn mí nígbà tí ẹni tó ti ní ilé tirẹ̀ bá tún yọ ọ́ dànù.

Ta ló kọ́kọ́ yọ ọ́? Òtẹ́ẹ̀lì ló kọ́kọ́ fa balùwẹ̀ mọ́ ibùsùn. Ní 1908, Ellsworth Statler ṣí òtẹ́ẹ̀lì kan ní Buffalo, ní Amẹ́ríkà, tí gbogbo yàrá rẹ̀ ní balùwẹ̀. Ohun tó ṣe ni pé ó mú kí balùwẹ̀ yàrá méjì fẹ̀yìn ti ara wọn kí páìpù kan lè sin àwọn méjèèjì, owó sì dínkù. Ilẹ̀kùn ṣì wà. Ṣùgbọ́n ní Villa Savoye, ilé tí Le Corbusier yàwòrán rẹ̀ sí Poissy nítòsí Paris, tí wọ́n parí ní 1931, kò sí ògiri láàárín yàrá onílé àti ibi ìwẹ̀ rẹ̀. Wọ́n fi táìsì ṣe àga gígùn kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìwẹ̀ náà, aṣọ ìkélé nìkan ló sì wà níbẹ̀ láti fà. Lójú ayàwòrán yìí, ara tó ń wẹ̀ kò ní ohun tó fẹ́ fi pamọ́.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló gbà bẹ́ẹ̀. Philip Johnson, ayàwòrán ilé ará Amẹ́ríkà, kọ́ ilé ara rẹ̀ ní 1949, dígí ni gbogbo ògiri rẹ̀ yíká. Balùwẹ̀ nìkan ló fi bíríkì mọ yípo, ó rí roboto bí àká. Ọkùnrin tó lè sùn kí gbogbo igbó máa wò ó, kò lè yàgbẹ́ lójú wọn. Mo fẹ́ràn ilé yẹn nítorí èyí.

Àwọn òtẹ́ẹ̀lì ìgbà tiwa ló wá sọ balùwẹ̀ gbayawu di àṣà. Bí yàrá bá kéré, tí a bá fi dígí rọ́pò ògiri, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé á dé ibi ìwẹ̀, ojú á sì rò pé àyè pọ̀. Ó dára fún àlejò tó máa sùn ọjọ́ méjì. Àwòrán yàrá yẹn ló dé orí fóònù, tó sì wá dé ọwọ́ másọ̀n wa, ẹni tí wọ́n ń pè ní bíríkìlà ní Nàìjíríà.

Ṣùgbọ́n nínú ilé tí èèyàn ń gbé lójoojúmọ́, ooru omi gbígbóná kì í ní ibi tí yóò gbà jáde, ní ìlú tí ọ̀rinrin ti tó tẹ́lẹ̀. Aṣọ inú àpótí á máa bu. Ìró ikùn ẹni á jí ẹni tó ń sùn. Mùsùlùmí tó mọ ìlànà ẹ̀sìn rẹ̀ kì í dáhùn sálámà nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹsẹ̀ òsì ló fi ń wọlé, ọ̀tún ló fi ń jáde. Níbo ni yóò ti gbé ẹsẹ̀ òsì nígbà tí kò sí ẹnu ọ̀nà? Níbo sì ni yóò tẹ́ ẹní àdúrà sí?

Àbúrò mi kan kọ́ irú rẹ̀ sílé rẹ̀ lọ́nà Ouando. Nígbà tí ara ìyá rẹ̀ kò yá, yàrá yẹn ló fi wọ̀ wọ́n, torí pé òun ló dára jù nílé. Ìyá wò yíká, wọ́n ní, "Ọmọ mi, níbo ni n ó ti bọ́ṣọ?"

Ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Wọ́n ní ó máa ń jẹ́ kí àyè gba èèyàn ni."

"Ṣé àyè gba èmi báyìí?"

Ó ra okùn lọ́jọ́ náà, ó ta á láti ògiri dé ògiri, ìyá sì fi ìró aláró wọn kọ́ ọ. Wọ́n ti gbádùn báyìí, wọ́n ti padà sílé wọn. Okùn náà ṣì wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá wá kí i, àbúrò mi á kọ́kọ́ húkọ́ kó tó wọ yàrá ara rẹ̀, á sì dúró kí ìyá rẹ̀ húkọ́ padà.