Agbawèrèmẹ́sìn: wèrè kọ́ ló kọ́kọ́ ń dé

Yorùbá ti fún àwọn tó ń pààyàn nítorí ẹ̀sìn lórúkọ: agbawèrèmẹ́sìn. Orúkọ náà bá wọn mu, àmọ́ ó ń ṣì wá lọ́nà díẹ̀. Ohun tí àwọn olùwádìí ń pè ní radicalisation ni bí ẹnì kan ṣe ń ti inú ìbínú kékeré rìn díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi gbà pé kò sóhun tó burú nínú kóun pààyàn nítorí ohun tóun gbà gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo Borno. Nígbà tí Mohammed Yusuf, tó dá ẹgbẹ́ Boko Haram sílẹ̀, ń wàásù ní Maiduguri láti nǹkan bí ọdún 2002, ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kọ́ ló ń fa àwọn ọ̀dọ́. Ẹni tí ò níṣẹ́ á rówó yá níbẹ̀ fi ṣòwò. Ẹni tí ò rówó gbéyàwó, wọ́n á ràn án lọ́wọ́. Tó bá wá ń bú àwọn olóṣèlú tó ń jẹ owó ìlú, ta ni yóò jiyàn? Òótọ́ yẹn ló jẹ́ kí irọ́ tó kù rọrùn láti gbé mì.

Lóṣù kẹfà ọdún 2009, àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ń gbé òkú lọ sìn lórí ọ̀kadà, wọn ò dé àṣíborí. Agbófinró dá wọn dúró, ọ̀rọ̀ di awuyewuye, ìbọn ró, èèyàn 17 fara gbọta. Àṣíborí ọ̀kadà o! Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ìjà bẹ́ sílẹ̀. Wọ́n mú Yusuf láàyè, ó sì kú sí àhámọ́ ọlọ́pàá láìfojú balé ẹjọ́. Abubakar Shekau tó gba ipò rẹ̀ kò nílò wáàsù púpọ̀ mọ́. Ẹ̀san ti wà nílẹ̀.

UNDP, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ìdàgbàsókè, bi àwọn tó fínnúfíndọ̀ wọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà léèrè, ìròyìn rẹ̀ sì jáde lọ́dún 2017. 71 nínú 100 ló ní ohun tí ìjọba ṣe ló ti àwọn wọ̀ ọ́ níkẹyìn, bíi kí wọ́n pa ẹbí ẹni tàbí kí wọ́n gbé e lọ. Ó lé ní ìdajì tó jẹ́wọ́ pé ìwé ẹ̀sìn ò fi bẹ́ẹ̀ yé àwọn. Èyí ló yà mí lẹ́nu jù.

Òṣì wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ tálákà tí kò gbébọn ló pọ̀ jù.

Létí Adágún Chad, ISWAP, ẹgbẹ́ tó ya kúrò lára Boko Haram, ń gba owó orí lọ́wọ́ àwọn apẹja. Ìgbà kan wà táwọn ológun ní owó ẹja ló ń bọ́ àwọn agbésùnmọ̀mí, ni wọ́n bá fòfin de òwò ẹja. Apẹja tó gbé ẹja gbígbẹ dé ibi àyẹ̀wò wá di ẹni ìfura, lójú ọmọ rẹ̀ tó dúró tì í.