Ẹ Má Fi Aláìsàn Yín Sílẹ̀ Lójú Kan

Láàárín oṣù mẹ́ta péré, ilé mẹ́rin ni mo ti wọ̀ tí egbò ti jẹ aláìsàn dé eegun. Nínú ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àlàyé kan náà ni wọ́n ṣe fún mi: "Nọ́ọ̀sì, ayé ló fi egbò yìí sí wọn lára. Rọpárọsẹ̀ nìkan ló kọ́kọ́ ń ṣe wọ́n." Bí mo bá wá bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n yí aláìsàn padà gbẹ̀yìn, wọ́n á máa wo ojú ara wọn. Ó ti rẹ̀ mí láti máa sọ ọ́ láti ẹnu ọ̀nà kan dé òmíràn, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́.

N kò ní sọ ohun tí rọpárọsẹ̀ jẹ́, n kò sì ní sọ bí wọ́n ṣe ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n ti sọ ìyẹn fún yín ní ibùdó ìlera. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ ni egbò ìdùbúlẹ̀ yìí, àti ìtọ́jú tó kù sí yín lọ́wọ́ nígbà tí aláìsàn bá ti dé ilé, tí ilé ìwòsàn sì jìnnà sí abúlé.

Ẹ fi àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún yín tẹ èékánná kan lọ́wọ́ òsì. Ó funfun, àbí? Ẹ gbé àtàǹpàkò kúrò. Ẹ̀jẹ̀ ti padà síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìdí aláìsàn tó dùbúlẹ̀ lójú kan ṣe rí, àfi pé kò sẹ́ni tó gbé àtàǹpàkò kúrò fún un.

Ẹran ara há sáàárín eegun àti bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀jẹ̀ kò ríbi gbà, ẹran tí ẹ̀jẹ̀ kò bá sì dé á kú. Ẹni tí ara rẹ̀ dá máa ń yí padà lójú oorun láìmọ̀, nítorí pé ara ń ro ó. Ẹni tí apá kan ara rẹ̀ ti rọ lè má mọ̀ ọ́n lára, bó bá sì mọ̀ ọ́n, kò lágbára tí yóò fi yí. Ìtòsí eegun, nínú lọ́hùn-ún, ni ẹran sábà máa ń kú sí kí awọ tó bẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí ihò kékeré lóde, ṣùgbọ́n tí mo bá fi aṣọ egbò wọ̀ ọ́, á gba ìka mi tán.

Ẹ mọ àwọn ibi tí eegun ti súnmọ́ awọ: ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn lókè ìdí, bàràdí, gìgísẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀, ìgbúnwọ́, èjìká, ìpàkọ́. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá yí i, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀. Awọ dúdú kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ́n kí ẹ tó mọ̀ pé ewu ti dé. Ibẹ̀ á dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ, á gbóná tàbí kó tutù, á le tàbí kó rọ̀ bí èso tó fẹ́ bàjẹ́. Bí ẹ bá rí èyí, aláìsàn kò gbọdọ̀ fi ibẹ̀ sùn mọ́ títí yóò fi padà sípò.

Wákàtí méjì-méjì ni kí ẹ máa yí aláìsàn padà. Kì í ṣe àárọ̀ àti alẹ́, kì í sì í ṣe ìgbà tí ẹ bá rántí. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún fún wákàtí méjì, ẹ̀yìn fún wákàtí méjì, ẹ̀gbẹ́ òsì fún wákàtí méjì, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀, tọ̀sán tòru. Bí fóòmù bá dára, tí ara rẹ̀ kò sì ní àmì kankan, nọ́ọ̀sì tó ń bojú tó o lè ní kí ẹ fà á dé wákàtí mẹ́rin lóru. Ẹ má fún ara yín láṣẹ yẹn.

Lọ́dún 1944, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, dókítà kan tó ti sá kúrò ní Jámánì, Ludwig Guttmann, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílé ìwòsàn Stoke Mandeville nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ ogun tí eegun ẹ̀yìn wọn ti bàjẹ́ ni wọ́n kó fún un. Ikú ni wọ́n ń retí fún irú wọn nígbà yẹn: bí egbò ìdùbúlẹ̀ kò bá pa wọ́n, àrùn ojú ìtọ̀ á pa wọ́n. Guttmann ní kí wọ́n máa yí wọn padà ní wákàtí méjì-méjì, tọ̀sán tòru, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni fo ẹ̀ẹ̀kan. Nígbà tó di 29 Oṣù Keje 1948, 16 nínú àwọn tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun, tọkùnrin tobìnrin, jókòó lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn nínú ọgbà ilé ìwòsàn náà, wọ́n ń ta ọfà díje. Inú ìdíje yẹn ni Paralympics, ìdíje eré ìdárayá àgbáyé fún àwọn aláàbọ̀ ara, ti ṣẹ̀ wá. Gbogbo ọmọ tó bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ni mo máa ń sọ ọ́ fún, kí wọ́n lè mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ wa kò kéré.

Bí ẹ ṣe máa yí i rèé. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ tí ẹ fẹ́ kó kọjú sí. Ẹ ká orúnkún rẹ̀ tó jìnnà sí yín, ẹ gbé ọwọ́ rẹ̀ lé àyà, kí ẹ wá di èjìká àti bàràdí rẹ̀ mú, kí ẹ rọra yí i wá sọ́dọ̀ ara yín. Ẹ má fa apá tó ti rọ, oríkèé èjìká á yẹ̀. Ẹ fi ìrọ̀rí ti ẹ̀yìn rẹ̀ kó lè fara tì í díẹ̀, kí ìwúwo rẹ̀ má baà bọ́ sórí bàràdí nìkan. Ẹ fi ọ̀kan sáàárín orúnkún rẹ̀ méjèèjì, kí ẹ sì fi òmíràn sábẹ́ ẹsẹ̀ láti orúnkún lọ sísàlẹ̀, kí gìgísẹ̀ má kan nǹkan kan. Bí ẹ bá fẹ́ sún un sókè lórí bẹ́ẹ̀dì, èèyàn méjì ni kó fi aṣọ ìtẹ́ gbé e. Ẹ má wọ́ ọ. Ẹni tó bá wà lórí àga náà kò bọ́ níbẹ̀, ẹ máa gbé ìdí rẹ̀ kúrò lórí àga ní gbogbo ìdajì wákàtí.

Bó bá tọ̀ tàbí tó yàgbẹ́, ẹ tètè fọ̀ ọ́, kí ẹ fi aṣọ tẹ̀ ẹ́ gbẹ. Ẹ fún un lóúnjẹ tó ń mú ẹran ara dàgbà. Sípírítì kò sí níbẹ̀, fífi ọwọ́ ra ojú ibi tó ti dúdú kò sí níbẹ̀, rọ́bà roboto tí ẹ ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí kò sí níbẹ̀: etí rẹ̀ ló ń fún ẹ̀jẹ̀ pa.

Mo fẹ́ sọ ti bàbá kan. Kí n tó wọlé ni òórùn ti pàdé mi. Ọkùnrin kan tó ń gbé báàgì kiri, tó ń pe ara rẹ̀ ní dókítà, ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ń tú kápúsù sójú egbò, ó ń fi pílásítà lẹ̀ ẹ́ pa, ó sì ń gún bàbá lábẹ́rẹ́. Ó sọ fún wọn pé ohun tí àwọn ọ̀tá fi ránṣẹ́ ló ń jáde, pé bàbá kò gbọdọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ sùn títí yóò fi jáde tán. Ọjọ́ 21 ni bàbá fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Nígbà tí mo ṣí pílásítà, mo rí eegun, ó funfun. Bàbá kò lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ tó ṣì dá di ọrùn ọwọ́ mi mú, kò sì jù ú sílẹ̀ títí mo fi ṣe tán.

Àkọ́bí rẹ̀ ní, "Ẹ má bínú, mà. Wọ́n máa ń sùn ni, a ò fẹ́ da oorun mọ́ wọn lójú."

A gbé bàbá lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn. Ó kú lọ́jọ́ kẹrin. Egbò ti kó àrùn sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Rọpárọsẹ̀ kọ́ ló pa á. Ọdún 22 ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, aláìsàn tí wọ́n bá fi lé mi lọ́wọ́ láti ọjọ́ kìíní kì í ní egbò, ìdí nìyẹn tí inú mi kò fi tíì rọ̀ sí ọkùnrin tó ń gbé báàgì kiri yẹn. Bí aláìsàn yín bá ní ibà, tí egbò ń rùn, tí ó ń ṣe ọyún tàbí tí ojú rẹ̀ dúdú, ẹ má pe alábẹ́rẹ́ kankan. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Èèyàn 11 ni mo kà nínú ilé bàbá yẹn. Yíyí 12 ló wà nínú ọjọ́ kan. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ẹ máa ń sọ fún mi pé abúlé yín kò ní nǹkan kan, kò ní bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, kò ní dókítà. Mo gbà, ó sì yẹ kí ìjọba dáhùn. Ṣùgbọ́n ẹ ní ará ilé, ẹ ní aládùúgbò, ẹ ní ilé ẹ̀kọ́. Ilé ẹ̀kọ́ ni mo wá gbájú mọ́ báyìí. Mo bẹ ọ̀gá àgbà kan, ó fún mi ní wákàtí kan lọ́dọ̀ àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún, a sì jọ tẹ èékánná.

Ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin ọdún 10, lọ sọ fún ìyá rẹ̀ nípa ìyá àgbà tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì nílé wọn. Kò lágbára láti yí ìyá àgbà, ìyá rẹ̀ àti obìnrin kan ládùúgbò ló ń ṣe ìyẹn. Ìwé ló wà lọ́wọ́ tirẹ̀. Ó fi rúlà pín ojú ewé ìwé ilé ẹ̀kọ́ sí mẹ́ta: aago, ẹ̀gbẹ́, bí ara ṣe rí. Ti òru, ìyá rẹ̀ ló ń kọ ọ́, lẹ́tà rẹ̀ wọ́ díẹ̀. Ó ti di oṣù 14. Nígbà tí mo lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ìdí àti gìgísẹ̀ ìyá àgbà, awọ rẹ̀ ń dán. Èmi àti ìyá ọmọ náà jókòó, a ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà gùn, ni ọmọ bá jáde láti inú yàrá, ó kúnlẹ̀, ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, aago mẹ́rin ti kọjá. Ẹ̀yìn ló kàn."

A dìde, a lọ yí wọn.