Omi tí iná ń dá sílẹ̀ nínú iyọ̀ fọ́sífétì

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí a bá gbé iyọ̀ fọ́sífétì (iyọ̀ tí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti ọ́síjìn so pọ̀ nínú rẹ̀) ka iná, kò sí ohun tí iná ń ṣe fún un ju pé ó ń lé omi tó fara pamọ́ sínú rẹ̀ jáde. Èrò yìí tọ́ dé àyè kan, lẹ́yìn èyí ó ń ṣi ni lọ́nà pátápátá, nítorí omi tó jáde kẹ́yìn kò sí nínú iyọ̀ náà rí.

Na₂HPO₄·12H₂O, ìyẹn iyọ̀ fọ́sífétì tó ní sódíọ̀mù (Na), tí mólékù omi méjìlá sì wà nínú kírísítà rẹ̀, ló fi èyí hàn kedere jù. Bí a bá fi iná tí kò le yan 100 gírámù rẹ̀, nǹkan bí 60 gírámù yóò bá afẹ́fẹ́ lọ. Omi inú kírísítà nìyẹn: odindi mólékù omi ni wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀, bí a bá sì da omi lé ohun tó kù, iyọ̀ àtijọ́ náà la ó tún bá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá mú kí iná le ju 250 °C lọ dáadáa, nǹkan bíi gírámù méjì ààbọ̀ tún ń jáde, ìwọ̀nba kékeré yìí ló sì yí ohun gbogbo padà. Ní ìparí àwọn ọdún 1820 ni Thomas Clark, onímọ̀ kẹ́mísìrì ará Skọ́tlándì, ṣàkíyèsí pé bí a bá kán sílífà náítíréètì (iyọ̀ fàdákà kan) sínú omi iyọ̀ tí iná kò tíì sun, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè ló ń sọ̀kalẹ̀, àmọ́ bí iná bá ti sun iyọ̀ náà dáadáa, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun ni yóò sọ̀kalẹ̀. Iyọ̀ mìíràn ti dé, dída omi lé e lórí nìkan kò sì tó láti dá ti àtijọ́ padà lójú ẹsẹ̀.

Ohun tó wà nínú Na₂HPO₄ tó ti gbẹ kì í ṣe omi, bí kò ṣe háídírójìn tó lẹ̀ mọ́ ọ́síjìn, tí ọ́síjìn náà sì lẹ̀ mọ́ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Nígbà tí iná bá le tó, fọ́sífétì kan yóò yọ̀ǹda OH (ọ́síjìn pẹ̀lú háídírójìn rẹ̀), èkejì yóò yọ̀ǹda H (háídírójìn nìkan), àwọn méjèèjì yóò di omi, ọ́síjìn tó ṣẹ́kù yóò sì so fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì méjì pọ̀. Ìsopọ̀ ló bí omi náà.

Láti ibi yìí ni ètò náà ti ń wú ni lórí. Ẹ jẹ́ ká ka OH kọ̀ọ̀kan sí ọwọ́ tó ṣófo, tó lè di ọwọ́ ẹlòmíràn mú. Na₃PO₄ kò ní ọwọ́ tó ṣófo, nítorí náà kò sí bí iná ṣe lè le tó tí yóò so ó mọ́ èkejì rẹ̀. Na₂HPO₄ ní ẹyọ kan: méjì yóò di ara wọn mú, ọ̀rọ̀ sì parí, Na₄P₂O₇ dé nìyẹn. NaH₂PO₄ ní méjì, ọ̀wọ́ rẹ̀, ìyẹn àwọn fọ́sífétì tó so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n, sì lè máa gùn lọ láìdáwọ́ dúró (NaPO₃ la ń kọ irú ọ̀wọ́ gígùn bẹ́ẹ̀), tàbí kí ó yí po di òrùka ẹlẹ́ni mẹ́ta, Na₃P₃O₉, tó ń dá sílẹ̀ ní nǹkan bí 500 °C. Bí a bá wá po méjì ọlọ́wọ́ kan mọ́ ẹyọ kan ọlọ́wọ́ méjì, ọlọ́wọ́ méjì yóò wà láàárín, àwọn yòókù yóò wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, a ó sì ní Na₅P₃O₁₀, èyí tí àwọn aṣe-ọṣẹ lò gan-an láti fi mú omi líle rọ̀. Iye sódíọ̀mù tí a wọ̀n ti pinnu gígùn ọ̀wọ́ náà kí a tó dáná rárá. Lóòótọ́, àwọn ọwọ́ kì í kọ́kọ́ mú ẹni tó yẹ. Ọ̀wọ́ mìíràn a máa dá sílẹ̀, lẹ́yìn náà wọn a tú, wọn a sì tún ara wọn dì bí ooru ti ń pọ̀ sí i. Bí ìwọ̀n àpòpọ̀ kò bá sì pé, Na₄P₂O₇ tàbí NaPO₃ ni yóò ṣẹ́ kù nínú rẹ̀, kò sì sí iná tó lè tún ìyẹn ṣe.

Kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ iná? Irú ìdè tó já náà ni irú èyí tó tún dè, P–O àti O–H, nítorí náà èrè agbára kékeré ni ìsopọ̀ fúnra rẹ̀ lè mú wá, ìyọ̀ǹda omi gẹ́gẹ́ bí atẹ́gùn sì ń gba ooru. Ohun tó ń ti iṣẹ́ náà síwájú ni pé omi tó sá lọ ní òmìnira púpọ̀ ju ìgbà tí àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀ wà nínú kírísítà. Òmìnira yìí ni wọ́n ń pè ní ẹ́ńtírọ́pì, agbára rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i bí ooru ti ń pọ̀ sí i. Bí a bá dé ìkòkò náà pinpin, atẹ́gùn omi yóò kún un, ìsopọ̀ kò sì ní lè parí.

NaPO₃ tó ti yọ́ fi èyí hàn dáadáa. Ó ń yọ́ ní nǹkan bí 628 °C, bí a bá sì mú un tutù lójijì, yóò di gíláàsì. Thomas Graham, onímọ̀ kẹ́mísìrì tó ya ẹ̀yà fọ́sífétì mẹ́ta sọ́tọ̀ ní ọdún 1833, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe gíláàsì náà. Ọ̀wọ́ gígùn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, omi tó sẹ́kù díẹ̀ ló sì ń parí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan: OH wà ní orí àti ìdí rẹ̀. Bí a bá pẹ́ sí i kí a tó gbé e kúrò lórí iná, tí atẹ́gùn omi sì ń rí ọ̀nà jáde, àwọn ìparí wọ̀nyẹn yóò dín kù, ọ̀wọ́ náà yóò sì máa gùn sí i.