Ẹgbẹ́ Họ́kì Obìnrin Orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì àti Ìmúrasílẹ̀ fún Sáà Tuntun

Ẹgbẹ́ họ́kì obìnrin orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì ni ó ń ṣojú ilẹ̀ náà nínú ìdíje họ́kì orí pápá, eré tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù, láàárín àwọn obìnrin àgbáyé. Àjọ họ́kì ilẹ̀ náà, KNHB, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1898, ni ó ń ṣàkóso rẹ̀. Láti ọdún 1974 tí ó kọ́kọ́ gba Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé títí di 2022, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni ẹgbẹ́ yìí ti gba ife náà, ó sì ti gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà ìdíje Òlímpíìkì ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, èyí tí ti Paris ní ọdún 2024 wà lára wọn. Kò sí ẹgbẹ́ obìnrin mìíràn tí ó súnmọ́ iye yẹn.

Ohun tí ó mú kí ìmúrasílẹ̀ ẹgbẹ́ náà ṣòro ni pé àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ kì í fi ìgbà pípẹ́ wà pa pọ̀. Ẹgbẹ́ abẹ́lé bíi Den Bosch, SCHC àti Amsterdam ni wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù fún nínú líìgì gíga ilẹ̀ náà, Hoofdklasse, tí ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹsàn-án, tí ó ń sinmi nígbà òtútù, tí ó sì ń parí nígbà tí ojú ọjọ́ bá ti móoru. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe ìdánrawò fún orílẹ̀-èdè lè di alátakò ara wọn ní òpin ọ̀sẹ̀ kan náà. Láti ọdún 2019 ni líìgì àgbáyé tí wọ́n ń pè ní Pro League ti wọ àárín gbogbo èyí: orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ni ó ń kópa, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 16 sì ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá, ní ìlú àti oṣù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ìdánrawò pẹnáítì kọ́nà ṣe pàtàkì púpọ̀ fún wọn. Nígbà tí alátakò bá ṣẹ̀ nínú ilà róbótó tí ó yí ilé góòlù rẹ̀ ká, akọlù kan yóò ti bọ́ọ̀lù láti orí ilà ẹ̀yìn, èkejì yóò fi ọ̀pá dá a dúró níta ilà róbótó, ẹnìkẹta yóò sì fi ọ̀pá tirẹ̀ wọ́ ọ kí ó tó jù ú sínú ilé. Amúlé, ẹni tí ó ń ṣọ́ ilé góòlù, àti agbábọ́ọ̀lù mẹ́rin péré ni ó lè gbèjà. Àwọn yòókù gbọ́dọ̀ padà sí ìlàjì pápá. Kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, ó ti parí, nítorí náà kò sí ohun tí ó lè dípò títún un ṣe lemọ́lemọ́. Yibbi Jansen ni ògbóǹtarìgì wọn nínú èyí, òun ni ó sì gbá góòlù jù ní Paris, pẹ̀lú góòlù mẹ́sàn-án. Bàbá rẹ̀, Ronald Jansen, ni amúlé ẹgbẹ́ ọkùnrin tí ó gba wúrà Òlímpíìkì ní 1996 àti 2000: ohun tí bàbá ń lé jáde ni ọmọ ń jù wọlé.

Iye ife wọ̀nyí lè mú kí a rò pé wọ́n ń borí láìlàágùn, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní Òlímpíìkì Rio ní ọdún 2016, ọ̀mì 3-3 ni wọ́n gbá pẹ̀lú Great Britain ní àṣekágbá kí wọ́n tó pàdánù wúrà nínú ìdíje ojúkojú, níbi tí akọlù ti ń gbé bọ́ọ̀lù láti ilà mítà 23, tí ó sì ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ láti borí amúlé. Ní Paris, Ṣáínà ni ó kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Jansen dá a padà pẹ̀lú pẹnáítì kọ́nà, wọ́n sì borí 3-1 nínú ojúkojú lẹ́yìn ọ̀mì 1-1.

Lẹ́yìn ìdíje náà ni Raoul Ehren gba iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá lọ́wọ́ Paul van Ass. Ó ti tọ́ Den Bosch fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá obìnrin Bẹ́ljíọ̀m ní Paris, nítorí náà ó mọ ẹgbẹ́ yìí láti inú ilé àti láti ìhà alátakò. Àjọ àgbáyé fi Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2026 sí oṣù kẹjọ, ní Amstelveen ní Nẹ́dálándì àti Wavre ní Bẹ́ljíọ̀m. Bí líìgì abẹ́lé ṣe ń parí nígbà tí Pro League ṣì ń lọ lọ́wọ́, àkókò ìsinmi tí ó wà ṣáájú irú ìdíje bẹ́ẹ̀ kò pọ̀, yíyan ẹni tí yóò sinmi àti ìgbà tí yóò sinmi sì jẹ́ apá kan iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá.