Ẹja Great Bear kì í ṣe àrọ̀ inú póńdù

Kò sí ẹni tó ń sin àrọ̀ ní Ìlọrin tí kò mọ ìṣirò yìí: da ọmọ ẹja sínú póńdù, máa bọ́ ọ, bí oṣù mẹ́fà bá fi máa pé, ó ti tó gbé lọ sọ́jà. Ìṣirò kan náà ló ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn tí wọ́n bá gbọ́ nípa adágún Great Bear ní àríwá Kánádà. Adágún náà fẹ̀ ju kìlómítà onígun mẹ́rin 31,000 lọ, ó ku díẹ̀ kó tó gbogbo ìpínlẹ̀ Kwara. Ìlú kan ṣoṣo ló wà létí rẹ̀, Délı̨nę, ìlú àwọn Dene, ìyẹn àwọn ọmọ onílẹ̀ agbègbè náà, àwọn tó sì ń gbé ibẹ̀ kò tó 1,000. Ní 1995, wọ́n fi ìwọ̀ fa ẹja trout kan jáde níbẹ̀ tó wọ̀n ju kìlò 32 lọ. Kíá ni ẹni tó gbọ́ á ti sọ pé: omi tó tó báyìí, èèyàn tí kò tó nǹkan, ẹja tó tóbi tó ewúrẹ́, ta ló fẹ́ pa á tán?

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń da ọ̀ràn ẹja omi tútù rú, òun ló sì yẹ ká tú palẹ̀. Bí ẹja yẹn ṣe tóbi tó kò sọ pé ẹja pọ̀ níbẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé ó ti pẹ́ gan-an tí ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kàn án.

Yìnyín ló máa ń bo ojú adágún náà láti ìparí oṣù Kọkànlá títí wọ oṣù Keje. Omi ibẹ̀ mọ́ gaara débi tí èèyàn á fẹ́ bu mu, ṣùgbọ́n mímọ́ yẹn, ebi ni: àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé tí ẹja kéékèèké ń jẹ kò tó nǹkan nínú rẹ̀. Ẹja kò sì ní ooru ara tirẹ̀ bí èèyàn. Bí omi bá ṣe tutù sí ni ara rẹ̀ ń tutù sí, bẹ́ẹ̀ náà ni oúnjẹ ṣe ń lọ́ra dà nínú rẹ̀ sí. Trout ibẹ̀ ń dàgbà, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ni. Ó lè lò ju ọdún mẹ́wàá lọ dáadáa kó tó yé ẹyin àkọ́kọ́, kì í sì í ṣe ọdọọdún ló ń yé e lẹ́yìn náà.

Àrọ̀ inú póńdù, àgbàdo ni: oṣù díẹ̀, a ti ya á. Trout Great Bear, igi òrí ni. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Ìlọrin sí Jẹ́bà mọ igi òrí, ó sì mọ̀ pé ó lè tó ọdún 15 sí 20 kí igi náà tó so. Nítorí náà ni àwọn baba wa kì í fi í gé e, bí wọ́n tilẹ̀ ń ro oko yí i ká. Ní báyìí, àwọn tó ń sun èédú ń gé e. Ọdún tí wọ́n bá kọ́kọ́ wọ igbó kan, èédú á pọ̀ rẹpẹtẹ, ọkọ̀ á máa kó o lọ ní àkókún, gbogbo èèyàn á sì ní igbó yẹn lọ́rọ̀. Kò sí ẹni tó ń rò ó pé ìdàgbàsókè ọgọ́ta ọdún ni wọ́n jó láàárín oṣù mẹ́ta. Àwọ̀n tó kọ́kọ́ wọ adágún tútù kò yàtọ̀. Ohun tó kó jáde kì í ṣe èrè ọdún yẹn. Ojú owó ni.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń mọ ọjọ́ orí ẹja? Ibí ni ọgbọ́n tó ga jù wà. Ẹni tó bá ti fọ́ orí ẹja croaker jẹ rí á ti bá òkúta funfun wẹ́wẹ́ pàdé lábẹ́ eyín. Kì í ṣe eegun, kì í sì í ṣe òkúta odò tí ẹja gbé mì. Inú etí ẹja ló ń gbé, nísàlẹ̀ ọpọlọ, òun ló ń jẹ́ kí ẹja gbọ́ ìró, kó sì mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀. Gbogbo ẹja eléegun ló ní i. Ti croaker ló kàn tóbi. Láti kékeré ẹja ni ẹfun, irú èyí tó wà nínú ìkarahun ìgbín, ti ń lẹ̀ mọ́ òkúta yìí ní ìpele-ìpele. Lásìkò ooru tí oúnjẹ wà, ìpele á fẹ̀; lásìkò òtútù, á há. Ooru kan, òtútù kan, ọdún kan. Wọ́n á yọ òkúta náà, wọ́n á rẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, wọ́n á gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù, wọ́n á sì máa ka ìlà. Lára trout àwọn adágún àríwá, ìkà náà lè tó 50, ó sì lè kọjá bẹ́ẹ̀.

Ìpẹ́ ni wọ́n sábà máa ń kà láyé àtijọ́, nítorí ó rọrùn: a lè ṣí ìpẹ́ kan lára ẹja láàyè, ká dá a padà sómi. Ṣùgbọ́n bí ara ẹja bá ti dẹ́kun gígùn, ìpẹ́ rẹ̀ náà á dẹ́kun. Òkúta etí kì í dá iṣẹ́ dúró. Ẹja tó ti darúgbó á wá dàbí ọ̀dọ́ lójú ẹni tó ń ka ìpẹ́. Àṣìṣe yìí léwu, torí ẹni tó bá gbà pé ogún ọdún ni ẹja ogójì ọdún á rò pé ẹja ń yára dàgbà, á sì gba àwọn apẹja láyè láti kó ju ohun tí omi lè dá padà.

Ohun tó fi hàn pé òkúta etí kò purọ́ yani lẹ́nu. Láàárín ọdún 1950 sí ọdún 1963, àwọn ìjọba alágbára ń yin bọ́ǹbù àtọ́míìkì lójú òfuurufú láti dán an wò. Kábọ́ọ̀nù tó ní ìtànṣán wá pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lójú òfuurufú, ó sì rọ̀ sínú omi káàkiri ayé, títí dé àwọn adágún yìnyín. Ẹja tí wọ́n bí ṣáájú ìgbà náà kò ní àpọ̀jù rẹ̀ ní àárín gbùngbùn òkúta etí rẹ̀. Èyí tí wọ́n bí lẹ́yìn rẹ̀ ní i. Bí àwọn àgbà wa tí kò kọ ọjọ́ ìbí sílẹ̀ ṣe máa ń sọ pé ìgbà ogun Hítílà ni wọ́n bí àwọn, ẹja náà ní ogun tirẹ̀ lára. Wọ́n fi wé iye ìlà, ó sì bára mu.

Bí ọjọ́ orí ṣe ń ṣèdájọ́ hàn kedere ní adágún Great Slave, tó wà ní gúúsù Great Bear, tó sì jìn ju gbogbo adágún Àríwá Amẹ́ríkà lọ. Ní 1945 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọ̀n pẹja títà níbẹ̀. Omi kan náà, àwọ̀n kan náà, ẹja méjì: whitefish, tó tètè ń dàgbà, àti trout, tó ń fà. Ní apá ìwọ̀-oòrùn adágún náà, trout lọ sílẹ̀ kíákíá. Whitefish ni àwọn apẹja ibẹ̀ ṣì ń kó lọ sọ́jà títí dòní.